Kì í Ṣe Ọtí

(Kẹ́míìsì kan ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Aago 10 àárọ̀. Èmi wá ra pílásítà tèmi jẹ́jẹ́. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù wọlé, ojú pọ́n bí epo, òógùn ń kán tó, tó, tó.)

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Oògùn tí o tà fún mi níjẹta yẹn, májèlé ni! Àyà mi ń lù kìkìkì, orí ń fọ́ mi, inú ń rú mi. Dá owó mi padà.

ÁŃTÍ KẸ́MÍÌSÌ: Flagyl yẹn? Bàbá, ṣé ẹ rántí pé mo ní kí ẹ má mutí sí i?

BÀBÁ: Mi ò mutí.

ÁŃTÍ: Òórùn yín ti ṣáájú yín wọlé, sà.

BÀBÁ: Mo ní mi ò mutí! Bíà kan ò kan ètè mi láti ọjọ́ Àìkú.

ÁŃTÍ: Ẹmu ńkọ́?

BÀBÁ: Ẹmu? Ta ló sọ fún ọ pé ẹmu lọtí? Omi ara ọ̀pẹ ni. Ọlọ́run ló pọn ọ́n, kì í ṣe kọ́ńpìnnì.

ÁŃTÍ: Èyí tí ẹ mu, ti àárọ̀ yìí ni àbí tàná?

BÀBÁ: Tàná. Ó kàn ń hó díẹ̀ ni.

ÁŃTÍ: Híhó tó ń hó yẹn, ọtí ló ń dà. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń le sí i.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dá sí i díẹ̀. Bí bàbá yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà òjò, mo lọ bá a pé òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó gbójú sókè, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Kì í ṣe jíjò. Páànù ló ń làágùn.” Oṣù 3 ni mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gba òógùn páànù.)

ÁŃTÍ: Ṣé ẹmu nìkan ni?

BÀBÁ: Ẹmu nìkan. Àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

ÁŃTÍ: Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?

BÀBÁ: Egbò igi ni o. Egbò àti èèpo.

ÁŃTÍ: Mo ní kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?

BÀBÁ: (ó ń sọ ọ́ sínú irùngbọ̀n) Ohun tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́.

ÁŃTÍ: Ògógóró.

BÀBÁ: Kì í ṣe ògógóró! Omi àgbo ni. Ará Ìgbọ́kọ̀dá tó ń gbé e wá gan-an kò pè é lọ́tí.

ÁŃTÍ: Ṣọ́ọ̀tì mélòó lẹ mu?

BÀBÁ: A kì í ka àgbo fún alágbo.

ÁŃTÍ: Kí lẹ wá fi gbé Flagyl mì?

(Bàbá dákẹ́. Ó ń wo àtẹ báńdéèjì bí ẹni tó fẹ́ rà á.)

ÌYÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: (láti ẹnu ọ̀nà) Ẹ bi í dáadáa! Àgbo yẹn náà ló fi gbé e mì. Ojú mi ló ṣe.

BÀBÁ: Ta ló pè ọ́?

ÁŃTÍ: Bàbá, oògùn yìí àti ọtí kì í gbé ilé kan. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, ojú rẹ̀ lè pọ́n, àyà rẹ̀ á máa lù, orí á fọ́ ọ, á máa bì. Ẹ wo ara yín nínú dígí yẹn. Títí ẹ ó fi lo ọjọ́ 7 yẹn pé, kò gbọdọ̀ kàn yín lẹ́nu. Ẹ ó tún fi ọjọ́ 3 lé e lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn.

BÀBÁ: Ọjọ́ 10! Ọjọ́ 6 ni Ọlọ́run fi dá gbogbo ayé, Ó sì sinmi ní ọjọ́ keje. Kí lo rò pé Ó fi sinmi?

ÌYÁ: Ẹ gbà mí o.

BÀBÁ: Ẹ̀yin gan-an ń ta ọtí. Oògùn ikọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, mo kà á lára páálí rẹ̀: álíkọ́ọ̀lù!

ÁŃTÍ: Òótọ́ ni, ó wà nínú àwọn mìíràn. Ìyẹn náà ẹ ò gbọdọ̀ mu báyìí. Àbí ti inú páálí lẹ mọ̀ ọ́n kà, ti Ìgbọ́kọ̀dá ló ṣòro?

BÀBÁ: Ó dáa, fún mi ní parasitamọ́ọ̀ hóró 6, kí n gbé e mì lẹ́ẹ̀kan.

ÁŃTÍ: 6 bí ẹ̀pà? Ẹni tó ń mu bí ẹ ṣe ń mu yìí, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni parasitamọ́ọ̀ àpọ̀jù máa bà jẹ́.

BÀBÁ: Ẹ̀dọ̀ kọ́ ló ń dùn mí, orí ni.

ÁŃTÍ: Ẹ jókòó. Ẹ mu omi. Omi gidi! Bí àyà yẹn ò bá rọlẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. (sí ìyá) Mà, oògùn kan tiẹ̀ wà, disulfiram. Dókítà ló máa ń kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Bí onítọ̀hún bá tún fẹnu kan án, ohun tó ń ṣe bàbá yìí gẹ́lẹ́ ló máa ṣe é.

ÌYÁ: Ṣé ó máa ń hàn nínú ẹ̀gúsí?

ÁŃTÍ: Mà! Ẹni tó máa lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i o.

ÌYÁ: Mo kàn béèrè ni.

(Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ibẹ̀ ni bàbá ti rí mi.)

BÀBÁ: Ìwọ! O tún wà níbí? Owó ilé mi oṣù 4 dà? Gbèsè tí o jẹ mí dà?

ÈMI: Kì í ṣe gbèsè, bàbá. Owó yín ló ń làágùn bọ̀ lọ́nà.

(Bàbá lanu láti gbé mi ṣépè. Èpè kọ́ ló jáde. Ó sáré dé ojú gọ́tà, ó di orúnkún mú.)

ÌYÁ: Yéè! Èébì rèé o!

BÀBÁ: Kì í... kì í ṣe èébì.

ÁŃTÍ: Kí wá ni, sà?

BÀBÁ: Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bì í tán ná.