"Ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án"

Ṣé oògùn ajẹ́bíidán ni "ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án" ni? Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé mi kú, mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì láti Súrùlérè láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin tó gbé fóònù tún bẹ̀rẹ̀: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ráútà yín." Mo ti pa ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì náà títí bọ́tìnnì rẹ̀ fi ń bẹ̀ mí! Iná pupa ló ń ṣẹ́jú níbi tí wọ́n kọ LOS sí: ìmọ́lẹ̀ ò gba inú okùn fáíbà wọlé mọ́. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ládùúgbò wa ló gé e lánàá, mo fojú rí i! Ṣé tí mo bá pa ráútà, okùn á so ara rẹ̀ pọ̀? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá! Ó wá ní kí n fún òun ní máàkì, láti 1 dé 5. Mo gé fóònù.