Ọmọ Kan Ṣoṣo Ti Tó Láti Sọ Ilé Yín Di Ilé Ọmọ Lójú Òfin

"Bí kò bá ti ju ọmọ méjì lọ, kò sóhun tó kan Ofsted níbẹ̀." Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó nílé ní England ń sọ fúnra wọn nìyẹn nípa Ofsted, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé ọmọ (children's home) sílẹ̀, tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, látìgbà tí ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé owó ńlá ni káńsù ń san lọ́sẹ̀ lórí ọmọ kan tó wà lábẹ́ àbójútó wọn. Wọ́n á ní ẹni tó bá ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Companies House, tó kun ilé, tó ra bẹ́ẹ̀dì, tí káńsù sì gbé ọmọ wá bá, ti parí ètò.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí ni Care Standards Act ti ọdún 2000. Abala 1 rẹ̀ kò ka orí ọmọ. Ibi yòówù tó bá ń pèsè ibùgbé pẹ̀lú ìtọ́jú, tó sì jẹ́ pé àwọn ọmọdé ni ibẹ̀ wà fún pátápátá tàbí ní pàtàkì, ilé ọmọ ni. Ọmọdé sì ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18. Abala 11 ní ẹni tó bá ni irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń ṣe mánẹ́jà rẹ̀, láìforúkọ sílẹ̀, ti dẹ́ṣẹ̀. Láti ọdún 2015, owó ìtanràn rẹ̀ kò ní gbèdéke mọ́, ẹni tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà gbára. Ẹ tún mánẹ́jà yẹn gbé yẹ̀ wò: ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ yín láìmọ nǹkan kan lè bá yín dé ilé-ẹjọ́.

Iye ọmọ tí wọ́n ń pè yẹn náà kò ṣàdédé wá. Lábẹ́ Children Act ti ọdún 1989, ilé aládàáni tó bá gbà ju ọmọ mẹ́ta lọ nìkan ló ní láti forúkọ sílẹ̀. Òfin ọdún 2000 ló ti ilẹ̀kùn yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Àwọn onílé wa tún mọ HMO dáadáa, ìyẹn ilé tí àwọn tí kì í ṣe ìdílé kan jọ ń gbé, wọ́n mọ̀ pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ di dandan bí èèyàn bá pé márùn-ún tí wọn kì í ṣe ìdílé kan, wọ́n sì gbé ìṣirò yẹn wá síbi tí kò ti wúlò. Ti ọjọ́ 28 náà wà ńbẹ̀. Wọ́n ní ilé lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 28 kó tó forúkọ sílẹ̀. Kò sí irú ààyè bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Inú òfin private fostering ni ọjọ́ 28 ti wá: ẹni tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 16 sílé ara rẹ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n káńsù fúnra wọn ló gbé ọmọ wá." Èyí ló ń mú èèyàn jù, nítorí òótọ́ ni pé wọ́n ń gbé e wá. Social worker tó ní ọmọ ọdún 14 lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Friday, tí gbogbo ilé tó forúkọ sílẹ̀ ti kọ ọmọ náà, yóò pe ẹnikẹ́ni tó bá ní yàrá. Àwọn ọmọ ti sùn ní Airbnb àti nínú karaváànì lọ́nà yìí. Ìnira káńsù kò wá yí ohun tí ilé yín jẹ́ padà. Abala 11 kò bèèrè ẹni tó gbé ọmọ wá, ẹni tó ń ṣe ilé ló ń bèèrè. Ilé-ẹjọ́ gíga pàápàá lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ká ọmọ kan lọ́wọ́ kò níbi tí kò forúkọ sílẹ̀, nígbà tí kò bá sí ibòmíràn tó lè gbà á. Orí ọmọ yẹn ni àṣẹ náà wà, kò sọ ilé di ilé tó bófin mu. Bí Ofsted bá wá dé, orí yín ni wọ́n máa fọ́ àgbọn sí, káńsù á ti wá ibòmíràn fún ọmọ.

Ti ọmọ ọdún 16 àti 17 gba àlàyé díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ 9 oṣù September ọdún 2021, káńsù kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ tí kò tíì pé 16 tó wà lábẹ́ àbójútó wọn síbi tí òfin kò dè. Fún àwọn tó ti pé 16, ilé tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní supported accommodation, ṣì wà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 28 oṣù October ọdún 2023, òun náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń sọ pé "ọmọ 16 kò kan Ofsted" ti sọ ọ̀rọ̀ ànà.

Èyí tó ṣòro ni mímọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ parí sí, tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ẹ kọ sínú ìwé àdéhùn kò ní dá a mọ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ló máa sọ ọ́. Ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń tì í pa, tó ń ka oògùn sí ọmọ lọ́wọ́ láràárọ̀, tó ń dúró kó gbé e mì kó tó fọwọ́ síwèé, ìtọ́jú nìyẹn. Ẹ bèèrè bóyá ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀, bóyá ó lè jáde tàbí kó sùn síta láìgbàṣẹ, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni owó oúnjẹ àti aṣọ rẹ̀ wà, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń pe dókítà. Ọmọ ọdún 17 tí òṣìṣẹ́ méjì ń tẹ̀ lé kiri tọ̀sán-tòru kò sí nínú supported accommodation, bó ti wù kí wọ́n pe ilé náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́, ọmọ tó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ wá dé, káńsù fi owó kún owó fún òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i, ilé sì di ilé ọmọ láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ìwé kankan padà.

Ìforúkọsílẹ̀ ilé ọmọ ní apá méjì: ilé-iṣẹ́ á bèèrè tirẹ̀, mánẹ́jà á bèèrè tirẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ti ara rẹ̀. Bí ẹ bá ní ilé ọmọ mẹ́ta, ẹ ó bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. (Supported accommodation kò rí bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á rú.) Òfin ilé ọmọ ti ọdún 2015, Regulation 28, ní láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, mánẹ́jà gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún méjì nídìí iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìtọ́jú ọmọ ní ibùgbé, kó sì ti fi ọdún kan darí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń já sí, nítorí ilé àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ti ní ìrírí. Ọdún mẹ́wàá nídìí ìtọ́jú arúgbó kò dípò ọdún méjì yẹn. Mánẹ́jà tí kò bá tíì ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Level 5 Diploma ní ọdún mẹ́ta láti fi gbà á. Òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ní ọdún méjì fún Level 3.

Nítorí èyí, àwọn kan ń yá orúkọ mánẹ́jà lò. Owó òfò ni. Ofsted á jókòó ti ẹni náà, wọ́n á bi í léèrè ohun tó wà nínú statement of purpose, ìwé tó ṣàlàyé ohun tí ilé náà wà fún: irú ọmọ wo lẹ fẹ́ gbà, kí lẹ máa ṣe bí ọmọ kò bá darí wálé, ta ló máa wà nílé lóru. Ẹni tí wọ́n yá orúkọ rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Statement of purpose tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà máa ń tú ara rẹ̀ fó: ilé oníyàrá mẹ́ta tó ní òun á gba ọmọ ọdún 8 títí dé 17, pẹ̀lú gbogbo irú ìṣòro tó wà láyé, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́.

Fáìlì òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ṣí tẹ̀ lé e. Schedule 2 òfin ọdún 2015 yẹn fẹ́ enhanced DBS (àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti hùwà ọ̀daràn rí), ìwé ìjẹ́rìí méjì, àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ téèyàn ti ṣe rí, pẹ̀lú àlàyé nínú ìwé lórí ìgbà yòówù tí kò fi níṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ tí òṣìṣẹ́ fi wà ní Ìbàdàn láàárín iṣẹ́ méjì gbọ́dọ̀ ní àlàyé. DBS kò sì lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ tètè wá ìwé ìwà rere lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ibẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìwé ẹ̀rí Ofsted kò tún dípò àṣẹ ìlò ilé. Nínú ìsọ̀rí tí òfin fi ń pín ìlò ilé, ilé téèyàn ń gbé lásán wà ní C3, ilé ọmọ sábà máa ń bọ́ sí C2. Ẹjọ́ North Devon ní ọdún 2003 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí òṣìṣẹ́ bá ń wá ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń lọ, tí wọn kò gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ, ìdílé kan kọ́ ni wọ́n, ilé náà kò sì sí ní C3. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ètò ilé ní káńsù kí ẹ tó san owó ilé oṣù kan. Káńsù tó ń wá yàrá fún ọmọ lójú méjèèjì lè jẹ́ káńsù kan náà tó máa kọ ìlò ilé náà fún yín.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, ẹni tí kò sí lábẹ́ yín á máa wá yẹ ilé wò lóṣooṣù (Regulation 44), ìròyìn rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ Ofsted. Bí òṣìṣẹ́ bá di ọmọ mú, àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wákàtí 24, mánẹ́jà tàbí ẹni tó yàn gbọ́dọ̀ bá òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ láàárín wákàtí 48, kí ẹ̀rí sì wà láàárín ọjọ́ márùn-ún pé wọ́n ti bá ọmọ náà sọ ọ́.

Ẹni tí ọmọ ti wà nílé rẹ̀ báyìí láìforúkọ sílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí káńsù lónìí pé ilé náà kò tíì forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn fún ọmọ náà, ẹ má sì gba òmíràn. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ti fi ránṣẹ́ kì í ṣe àṣẹ. Títí ìwé ẹ̀rí á fi dé, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ní ọmọ níbẹ̀. Wales àti Scotland ní àwọn aláṣẹ tiwọn, àwọn ni kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ bá.