Owó tí kò lè dín kọ́ ni mùdárábà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo ta kò yín. Ẹ ní ẹni tó bá fi owó sí ètò ìnáwó Ìsìláàmù orí fóònù, kí àwọn oníṣòwò kéékèèké Òṣogbo fi ṣòwò, owó rẹ̀ kò lè dín, èrè rẹ̀ sì ti dájú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú mùdárábà, ìyẹn àdéhùn tí ẹnì kan fi owó sílẹ̀ kí ẹlòmíràn fi ṣòwò, kí wọ́n jọ pín èrè, bí ọjà bá kùtà láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣòwò ṣe àìbìkítà, olówó ló ru àdánù. Làálàá nìkan ni oníṣòwò pàdánù. Èrè tí wọ́n bá ti sọ̀yà rẹ̀ lórí owó lásán, èlé ni.

Ó jọ pé ẹ ṣì í mú fún mùrábáhà, ìyẹn kí ètò ra ọjà, kó sì tà á ní iye tó lé èrè tí wọ́n ti sọ lórí. Ẹ wo aláró kan tó nílò aṣọ funfun tí yóò rẹ. Ètò náà á ra aṣọ ní ₦100,000, aṣọ á di tirẹ̀ ná, kó tó tà á fún un ní ₦112,000 àsanpẹ́. Iye yẹn kò yẹ̀, torí ọjà ni wọ́n tà. Bó bá pẹ́ kó tó san án, èrè olówó kò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kan pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n aláró náà lè má rí i san o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ kí ìyá kan tó kó owó àjọ rẹ̀ síbẹ̀.