Ojú Bàbá Ni Wọ́n Fi Ta Fíìmù, Ẹ Má Bú Bàbá

Láti alẹ́ Sátidé ni inú ti ń bí mi. Mo sùn, mo jí, inú náà ò rọ̀. Fíìmù ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ṣebí fíìmù lásán ni, kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná.

Bàbá mi kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Bí bàtà wọn já, wọ́n á rán an fúnra wọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí tí wọ́n ní, "Bá mi wá fíìmù ọkùnrin òyìnbó orí pípá yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i," inú mi dùn gan-an ni. Mo ti Kútọ̀ gba Pánsẹ́kẹ̀, mo yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó máa ń kó fíìmù sí fláàṣì fún èèyàn. Ó lẹ pósítà mọ́ gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀, orí Bruce Willis, òṣèré Amẹ́ríkà tí Bàbá ń wí, ló wà lára rẹ̀. Orí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo pépà náà tán. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, hẹlikópítà ń fò lókè. Àwọn yòókù tó wà nínú fíìmù náà, bí èèrà ni wọ́n ṣe tò wọ́n sísàlẹ̀. Mo ní kó kó o fún mi. Mo bi í léèrè pé, "Ṣé òun gan-an ló wà nínú ẹ̀?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òun ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin." Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ ná. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ohun tí ọkùnrin yìí jẹ́ fún bàbá mi ò kéré. Láyé fídíò kásẹ́ẹ̀tì, nígbà tá a wà ní Ìjẹmọ, alẹ́ Furaidé ni wọ́n máa ń yá kásẹ́ẹ̀tì wálé, tí wọ́n á sì dá a padà láàárọ̀ Mọ́ńdè kí wọ́n má bàa gbówó lé e. Fíìmù 1988 tó sọ Willis di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, tí òun nìkan kojú àwọn olè nínú ilé gíga kan, a wò ó títí téèpù fi ń ṣe gìrìgìrì. Bó bá dé ibi tó ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí gíláàsì fífọ́, bàbá mi á ká ẹsẹ̀ tiwọn sókè kúrò nílẹ̀. Wọn ò gbọ́ ìdajì òyìnbó tí wọ́n ń sọ nínú ẹ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn yé. Ọdún 1955 ni wọ́n bí Willis. Ọdún méjì péré ni bàbá mi fi jù ú lọ. "Ẹgbẹ́ mi ni," wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ilé-ìwé kan náà ni wọ́n jọ lọ.

Alẹ́ Sátidé, iná ò sí. Mo ra bẹntiróò lítà mẹ́ta, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta bẹntiróò báyìí. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá jókòó sórí àga wọn, wọ́n fi etí aṣọ nu gíláàsì ojú wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì àti ọmọ aládùúgbò kan tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún, a ò rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ò rí i. Àwọn ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ni wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn nínú ilé onígi kan nínú igbó. Iná tó ń jáde lẹ́nu ìbọn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á; ìbọn ń dún, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ò mì, èèpo ọta ò já bọ́ sílẹ̀. Bàbá ní, "Ìgbà wo ni yóò jáde?" Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀.

Ó jáde. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, fóònù wà létí rẹ̀, ó sọ gbólóhùn bíi mẹ́rin, ó tán. Ó tún jáde nígbà tó pẹ́, ó tún jókòó. Òun àti ọmọbìnrin kan ń sọ̀rọ̀, wọ́n lóun ni bàbá ọmọ náà, àmọ́ ẹ ò ní rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú bàbá, lẹ́yìn náà ojú ọmọ, bí ẹni pé ọ̀kan wà ní Láfẹ́nwá, èkejì wà ní Sàgámù. Nígbà tí ìjà wá dé, ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Ó fo ọgbà. Ọrùn tó fo ọgbà yẹn, ọrùn ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó ki, ó ń dán, kò sí ìhunjọ kan lára rẹ̀. Mo ń wo aago tó ń kà nísàlẹ̀ fíìmù náà bó ṣe ń lọ. Nínú wákàtí kan àtààbọ̀, gbogbo ìgbà tá a rí ojú rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú méjìlá.

Ibi tí inú ti bí mi gan-an nìyí. Àwọn ọmọ tó wà lórí ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọrùn! Ọrùn yẹn kì í ṣe ti bàbá!" Ìyẹn ò burú, òótọ́ ni wọ́n rí. Àmọ́ wọn ò dúró síbẹ̀. "Bàbá ti gbó, kó lọ sùn." "Owó ló ń lé kiri, kò lè ṣeré mọ́." Ọmọ aládùúgbò dìde, ó jókòó sórí àpótí, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo òfuurufú, ó ń sín bàbá inú fíìmù náà jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń di ikùn mú. Bàbá mi, ẹni tó fi ọdún méjì ju ọkùnrin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, jókòó síbẹ̀. Kò sí èyí tó bojú wẹ̀yìn nínú wọn.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga. Wọ́n ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ara ọkùnrin yìí ò yá."

Mo ní, "Bàbá, eré ni."

Wọ́n ní, "Kì í ṣe eré. Wo ojú rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Òbáńtókò, ọdún mẹ́ta ló fi wá ọ̀rọ̀ kó tó kú. Ṣíbí á wà níwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ fún mi ní... ẹ fún mi ní..." títí omi á fi lé ròrò sí i lójú. Bàbá mi ló máa ń lọ jókòó tì í. Wọ́n mọ ojú yẹn. Wọ́n rí i láàárín gbólóhùn méjì tí àwọn ọmọ ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo mú fóònù mi, mo wá a. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún 2022 ni ẹbí rẹ̀ kéde pé aphasia ń bá a jà, àìsàn tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, àti pé ó ti fi eré sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, wọ́n ní àyẹ̀wò ti fi hàn pé frontotemporal dementia ni, ìyẹn àrùn tó ń jẹ ọpọlọ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé ìròyìn Los Angeles Times ti kọ ọ́ lọ́dún 2022 pé àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti ń fura tipẹ́, pé nǹkan wà létí rẹ̀ tí ẹnìkan ń gbà sọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún un, pé wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, pé ọjọ́ méjì péré ló sábà máa ń lò lórí fíìmù kan. Mo kà á sókè fún Bàbá lédè wa. Wọ́n kàn mi orí. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín."

Ẹ wá gbọ́ èyí. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fún fíìmù àti òṣèré tó bá burú jù lọ ní àmì-ẹ̀yẹ ẹlẹ́yà lọ́dọọdún. Razzie ni wọ́n ń pè é. Ní 2022, wọ́n ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún Bruce Willis nìkan, fún fíìmù mẹ́jọ tó jáde ní 2021. Mẹ́jọ, nínú ọdún kan! Ẹni tó bá rí i tí arúgbó kan ṣe fíìmù mẹ́jọ jáde lọ́dún kan, tó jẹ́ pé ó ń jókòó nínú èyí tó pọ̀ jù, ṣé kò yẹ kó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé? Wọn ò bi ara wọn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ẹlẹ́yà náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sígbà náà tí ẹbí rẹ̀ kéde àìsàn, ni wọ́n bá sáré wọ́gi lé e. Bó bá jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yin fíìmù burúkú o. Fíìmù yẹn burú. Ó burú débi pé mo fẹ́ gba lítà mẹ́ta mi padà. Àmọ́ ẹni tó jẹ gbèsè wa, ẹ jẹ́ ká mọ ọ́n. Kì í ṣe arúgbó tó jókòó sórí àga. Ẹni tó mú orí rẹ̀, tó fi kún pósítà, tó mọ̀ pé ìṣẹ́jú méjìlá ni, ìyẹn ló jẹ wá. Bí òwò náà ṣe ń lọ rèé: kí wọ́n tó ya fíìmù irú èyí rárá, àwọn tó ń ra fíìmù kárí ayé á ti bi wọ́n pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Orúkọ yẹn ni wọ́n ń rà. Owó tó pọ̀ nínú owó fíìmù á lọ sórí orúkọ, ìyókù ni wọ́n á fi yá ilé onígi kan, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya iná ìbọn. Àwa tá a ń wò ó ni wọ́n jọ ń jẹ lẹ́yìn. Òwò ẹ̀tàn ni, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé arúgbó ò ṣòro lò nínú eré. Àwọn eré tiwa ti ń lo àgbà tipẹ́tipẹ́. Fi í jọba. Fi í ṣe babaláwo tó ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Fi í ṣe bàbá tó mọ àṣírí ilé tí kò fẹ́ sọ. Á jókòó, eré náà á sì máa yí i ká, ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́rìn-ín, torí ibi tó yẹ àgbà ló wà. Ta ló ní kí ẹ gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, kí ẹ wá lọ yá ọrùn ọmọdé wá bá a fo ọgbà?

Àmọ́ tiwa náà ò mọ́, mi ò ní purọ́. Ẹ lọ wo pósítà fíìmù tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú àti Sápọ́n. Ojú àgbà òṣèré tó ti ń ṣeré láti ìgbà tí wọ́n ń gbé e lórí ìtàgé á tóbi níwájú, ẹ ó wo fíìmù náà tán, ìgbà kan péré lẹ máa rí i, níbi tó ti ń gbàdúrà fún ọkọ àti ìyàwó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ ó rí fídíò rẹ̀ lórí Facebook lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ owó ìtọ́jú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé "kó lọ sùn" lẹ máa kọ́kọ́ kọ "ó mà ṣe o" sábẹ́ rẹ̀. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lórí ẹní, ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún yín rí ni?

Mo bá wọn wí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì bá wọn wí dáadáa. Ọmọ aládùúgbò kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá ní òun kọ́ ni ọmọ náà ṣẹ̀.

Nǹkan kan ni mò ń fẹ́: ẹ kọ iye ìṣẹ́jú sára pósítà. Bó bá jẹ́ méjìlá, ẹ kọ méjìlá. Bẹ́ ẹ bá ń ta ẹran, ẹ ó fi hàn wá ká tó sanwó. Bẹ́ ẹ bá ń ta aṣọ àdìrẹ, a ó tú u wò lójú yín.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo mú fláàṣì náà padà lọ sí Pánsẹ́kẹ̀. Mo ní, "O ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin." Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wò ó tán, kí ni kí n ṣe sí i?" Mo ní kó yọ pósítà yẹn kúrò. Ó ní òun ò lè yọ ọ́, pósítà náà ló ń pe èèyàn wọlé. Mo ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá kan dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tó nawọ́ sí orí ńlá yẹn, tó ní, "Ṣé òun ló wà nínú ẹ̀?"

Kí ọmọkùnrin náà tó la ẹnu, èmi ni mo dá a lóhùn.