Oyin ò sọ kúkíìsì óòtì di oògùn ìtọ̀ ṣúgà o

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Adó, mẹ́sééjì kan ń lọ káàkiri Wọ́ọ̀sáàpù pé tẹ́ ẹ bá ti fi oyin tàbí dàbínù ṣe kúkíìsì óòtì dípò ṣúgà, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú torí ṣúgà àdáyébá kì í wọ ẹ̀jẹ̀. Irọ́ ni jàre. Nínú oyin gíráàmù 100, nǹkan bíi 80 ló jẹ́ ṣúgà, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù, ara ò sì bèèrè bóyá inú igbó Èkìtì la ti fà á ni àbí Ọjà Ọba la ti rà á. Dàbínù gbígbẹ náà lé ní 60, àmọ́ òun ṣì ní fáíbà díẹ̀, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tí ikùn kì í lè dà.

Óòtì fúnra ẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní fáíbà kan tó ń jẹ́ beta-glucan, tó bá dénú ó máa ń yọ̀ bí ilá, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ṣúgà rọra wọ ẹ̀jẹ̀, téèyàn bá sì ń rí gíráàmù 3 ẹ̀ lójúmọ́ ó ń bá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, jà. Ṣùgbọ́n kúkíìsì tí fúláwà funfun àti bọ́tà pọ̀ ju óòtì lọ, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí óòtì pọ̀ jù, kẹ́ ẹ lo èyí tí wọn ò lọ̀ kúnná, ẹ gún bànáná tó pọ́n kan sí i (ṣúgà wà nínú ẹ̀ náà o, kò kàn tó ti oyin), ẹ fi ẹ̀pà sí i. Ẹyọ kan tàbí méjì ti tó, ẹ má sì torí ẹ̀ pa oògùn dókítà tì.