Owó Kọ́ Ló Ń Sọ Eré Ẹṣin Di Grade 1

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ èyíkéyìí ní Akúrẹ́, ìbáà jẹ́ ní Arákalẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì FUTA, kí ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ G1 (ìyẹn Grade 1, ipò tó ga jù fún eré ẹṣin) sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ eré ẹṣin kan tí wọn ò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn. Ẹnu wọn á kò: owó ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ á tún fi kún un pé eré tó bá ti gba Grade 1 ti gbà á nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àti pé ọjọ́ tí wọ́n ń sá a kì í yẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní Ondo, mo ti gbọ́ ọ ní Ọ̀wọ̀, ó sì máa ń rìn kiri lórí WhatsApp tí oṣù Karùn-ún bá ti dé tí Kentucky Derby, eré ẹṣin tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, sì sún mọ́lé.

Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan tó máa ń jókòó síwájú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba ló gbé èrò yìí kalẹ̀ lọ́nà tó yé mi jù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá kó mílíọ̀nù ogún dọ́là sílẹ̀, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún un pé eré rẹ̀ kì í ṣe àgbà eré?" Mo ní, "Wọ́n sọ fún un o, bàbá." Saudi Cup ni mo ní lọ́kàn. Oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a ní Riyadh, mílíọ̀nù 20 dọ́là Amẹ́ríkà sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. Kò tíì sí eré ẹṣin kan tí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Ipò wo ni wọ́n fún un lọ́dún náà? Kò sí. Ní 2021 ńkọ́? Kò sí náà. Ọdún 2022 ni G1 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ti Ọsirélíà tún le ju ìyẹn lọ. Ní 2017 ni wọ́n dá The Everest sílẹ̀ ní pápá Randwick, ní Sydney, pẹ̀lú mílíọ̀nù 10 dọ́là tiwọn. Ẹṣin kan tó ń jẹ́ Redzel ló gbé e ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì tún gbé e ní ọdún kejì. Owó náà ń gòkè títí ó fi di mílíọ̀nù 20. Èrò ń ya lọ wò ó, àwọn ẹṣin tó yára jù ní gbogbo ilẹ̀ náà ló ń sá a. Síbẹ̀, láti 2017 títí dé 2023, kò sí lẹ́tà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, kódà Listed tó kéré jù nínú àwọn ipò náà kò sí níbẹ̀. Àwọn eré kéékèèké kan wà ní Ọsirélíà tí owó wọn ò tó ìdá ogún ti Everest, tí wọ́n sì ní ipò. Ọdún 2024 ni Everest tó gba Group 1, Bella Nipotina ló sì borí lọ́dún náà. (Group 1 ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù àti Ọsirélíà, Grade 1 ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, ipò kan náà ni.)

Ẹ tún wo Grand National. Ẹni tí kò bìkítà fún ẹṣin rí ti gbọ́ orúkọ yẹn. Ní Aintree, lẹ́bàá Liverpool, ni wọ́n ti ń sá a, ẹṣin á máa fo àwọn odi gíga, owó rẹ̀ sì ti tó mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Grade 3 ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n tún orúkọ àwọn ipò ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di Premier Handicap, ó ṣì jìnnà sí Grade 1. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń di ẹrù lé ẹṣin tó dára jù lórí níbẹ̀ kí àwọn tó kù lè bá a dọ́gba. Grade 1 nínú eré fífò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin tó dára jù ni wọ́n fẹ́ mọ̀, wọn ò fẹ́ kí ẹrù dí i lọ́wọ́. Àwọn ará Ọsirélíà ò gba irú èyí o: Melbourne Cup náà máa ń di ẹrù lé ẹṣin, Group 1 sì ni. Oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe ń ṣe é.

Kí ló wá ń pinnu ipò? Àwọn ẹṣin tó ń sá eré náà ni. Láti 1971 ni Yúróòpù ti ní ètò tí wọ́n fi ń to eré sí ipò, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1973. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á fún ẹṣin ní máàkì gẹ́gẹ́ bó ṣe sáré, àwọn ẹṣin tó bá díje, àti ẹrù tó gbé. Ní Yúróòpù, wọ́n á mú máàkì àwọn mẹ́rin tó kọ́kọ́ dé nínú eré náà, wọ́n á ṣírò rẹ̀ pọ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á wo ibi tó já sí. Fún àwọn ẹṣin tó ti dàgbà, 115 ni wọ́n ń wá fún Group 1, 110 fún Group 2, 105 fún Group 3, 100 fún Listed. Ti àwọn abo ẹṣin kéré díẹ̀ sí i. Eré tó bá ń jábọ́ sísàlẹ̀ iye tí wọ́n ń wá, ìkìlọ̀ ń bọ̀; bí kò bá tún un ṣe, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan ló ń jókòó lọ́dọọdún láti yẹ gbogbo wọn wò.

Mi ò sọ pé owó ò wúlò. Ní Amẹ́ríkà, iye kan wà tí eré gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó lè ro ó mọ́ ipò kan, ẹ̀bùn Grade 1 ò sì lè kéré bíi ti Grade 3. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti kọjá iye yẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, kò fi ohunkóhun kún máàkì ẹnikẹ́ni. Owó ń pe ẹṣin, ẹṣin ló ń mú ipò wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Saudi Cup àti Everest ṣe débẹ̀: owó fa àwọn ẹṣin gidi, àwọn ẹṣin gidi sáré fún ọdún bíi mélòó kan, ìgbà náà ni ipò tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn á ní, "Pegasus World Cup ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ní oṣù Kìíní 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a ní Gulfstream Park ní Florida, pẹ̀lú mílíọ̀nù 12 dọ́là, Arrogate ló sì gbé e. G1 ni láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dà bíi pé owó rà á, àbí? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé eré kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Donn Handicap, tó ti jẹ́ Grade 1. Pegasus ló jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: nígbà tó fi máa di 2020, owó Pegasus ti já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 3. Ìdá mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló kù, G1 rẹ̀ ò sì kúrò. Bó bá jẹ́ owó ló gbé e débẹ̀, owó náà ni ì bá sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé wọn kì í gba Grade 1 padà ló tún kù. Ní 2016, Wood Memorial ní New York àti Blue Grass Stakes ní Keneeland, Kentucky, jẹ́ Grade 1, mílíọ̀nù dọ́là kọ̀ọ̀kan sì ni ẹ̀bùn wọn. Eré àgbà ni méjèèjì, àwọn tí ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta fi ń múra sílẹ̀ fún Kentucky Derby. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sọ méjèèjì di Grade 2 fún 2017. Àwa tí a ń wo Sunshine Stars ní Akúrẹ́ mọ bí ó ṣe máa ń rí lára nígbà tí wọ́n bá sọ èèyàn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e lọ sísàlẹ̀. Eré ẹṣin ò ní ẹsẹ̀. Ẹṣin ẹlẹ́ṣin ló ń gbé e ga tàbí tó ń dà á rú. Blue Grass gba Grade 1 rẹ̀ padà ní 2022. Wood ò rí tirẹ̀ gbà padà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ Wood yẹn náà ni Secretariat ti gba ipò kẹta ní 1973 kó tó lọ gbé Derby.

Lójú tèmi, kàlẹ́ńdà ló jẹ̀bi jù. Láti 2013 ni wọ́n ti ń fi póìntì pinnu ẹṣin tó máa wọ Kentucky Derby, eré ìmúrasílẹ̀ tó tóbi bíi méje ló sì ń fún ẹni tó borí ní 100. Wood, Blue Grass àti Santa Anita Derby sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹṣin tó dára ní Amẹ́ríkà ò pọ̀ tó láti kún gbogbo wọn, àwọn tó ń kọ́ ẹṣin náà ò sì fẹ́ kí tiwọn sáré jù mọ́ bíi tàtijọ́. Eré tí àwọn ẹṣin ńlá bá fò dá fún ọdún mẹ́ta, ẹ ti mọ ohun tí ìṣirò máa sọ nípa rẹ̀.

Èyí ló mú wa dé orí ọjọ́. Òótọ́ ni pé Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún ni Kentucky Derby. Ṣùgbọ́n ní 1945, nítorí ogun, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ni wọ́n sá a. Ní 2020, nítorí àrùn Kòrónà, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni, Authentic ló gbé e. Lọ́dún yẹn kan náà, Belmont Stakes tó máa ń kẹ́yìn nínú eré mẹ́ta Triple Crown (Kentucky Derby, Preakness àti Belmont) ló kọ́kọ́ wáyé, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà, wọ́n tún gé ọ̀nà rẹ̀ kúrú láti máìlì kan àbọ̀. Preakness ló wá kẹ́yìn, ní oṣù Kẹwàá. Nígbà àtijọ́ pàápàá, ní 1917 àti 1922, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sá Derby àti Preakness, tí ẹṣin kan ò fi lè sá méjèèjì. Belmont 2024 àti 2025 ò sí ní Belmont rárá: wọ́n ń tún pápá kọ́, wọ́n kó eré náà lọ sí Saratoga, wọ́n sì sọ ọ́ di máìlì kan àti ìdá mẹ́rin. Ọjọ́rú ni Derby ti Epsom nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bọ́ sí Sátidé ní 1995. Ní Áfíríkà wa níbí, Durban July ti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n máa ń sá ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Keje, bọ́ sí ọjọ́ 25 ní 2020.

Òjò nìkan tó láti yí ipò eré padà. Ní Amẹ́ríkà, bí eré orí koríko bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí òjò sì ti ba koríko jẹ́, wọ́n lè gbé e lọ sórí iyẹ̀pẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e, ipò rẹ̀ já sísàlẹ̀ ní ìpele kan lójú ẹsẹ̀. Láàárọ̀ ó jẹ́ G1, nírọ̀lẹ́ wọ́n sá a bíi G2. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ á wò ó bóyá àwọn ẹṣin tó sá a ṣì tó láti dá ipò rẹ̀ padà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó yín lé e, èmi ò rán yín níṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹṣin orí kọ̀ǹpútà tó ń sáré ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti àwọn ẹṣin ẹlẹ́mìí, ẹ wo ọjọ́ àti aago fúnra yín lọ́dọọdún: Kentucky Derby máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù níbí, Melbourne Cup sì máa ń bọ́ sí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun wa.

Bí ẹ bá sì rí G1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin kan nínú ìwé àwọn tó ń tà wọ́n, ẹ wo ọdún tó gbà á. Outwork gbé Wood Memorial ní 2016, G1 ni wọ́n kọ fún un títí lọ. Irish War Cry gbé eré kan náà, lórí pápá kan náà, ní 2017. G2 ni tirẹ̀.