Ta ló ní yìnyín ni Alaska láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá?

Níbi ìkómọ kan ní Houston ni wọ́n ti tún gbé ọ̀rọ̀ yìí kò mí lójú. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí ni mo máa ń ṣe ní Fairbanks, ìlú tí mò ń gbé ní Alaska, tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní mo máa ń gbá gọ́ọ̀fù. Háà! "Gọ́ọ̀fù? Ní Alaska? Orí yìnyín wo lẹ ti ń gbá a? Ṣé béárì ló ń bá yín ru àpò ni?" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, ọjọ́ ayọ̀ sì ni, n ò lè máa bá wọn jiyàn níwájú ìyá ọmọ. Mo kọjú sí mọ́ín-mọ́ín mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi níbí.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i. Fíìmù ni, àti fídíò ọkùnrin tó da omi gbígbóná sókè tó di èéfín kó tó balẹ̀. Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́, àárín ìgbà òtútù ni wọ́n yà á. Ẹni tó bá fi oṣù kan dájọ́ fún odidi ọdún, kí la fẹ́ ṣe fún un?

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí tẹ́tẹ́, torí ibi tí owó bá wà, àwọn èèyàn máa ń kọ àkọsílẹ̀ dáadáa. Ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Nenana, kò jìnnà sí Fairbanks, odò Tanana ló ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n á ri òpó igi mọ́ orí yìnyín tó bo odò náà, wọ́n á so wáyà láti ara òpó lọ sára aago kan létí odò. Àwọn èèyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú tí wọ́n rò pé yìnyín máa já. Ọjọ́ tí yìnyín bá já tó wọ́ òpó lọ, wáyà á fa aago, aago á dúró, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kówó. Láti 1917 ni wọ́n ti ń ta á. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èyí tó pẹ́ jù lọ ni 20 oṣù karùn-ún, ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1964 àti ní 2013. Ní 2019, 14 oṣù kẹrin ni yìnyín ti lọ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, yìnyín odò yẹn ò fojú kan oṣù kẹfà rí. Àwọn tó fowó ara wọn lé e ló kọ ọ́ sílẹ̀ o, kì í ṣe èmi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oòrùn á wá gorí ilẹ̀ tí kò ní fẹ́ sọ̀ mọ́. Ní nǹkan bí 21 oṣù kẹfà, oòrùn máa ń wà lókè ní Fairbanks fún wákàtí tó ku díẹ̀ kó pé 22, ìwọ̀nba tó sì fi wọ̀, ilẹ̀ kì í ṣú. Ìhà tí ayé fi ń dẹ̀gbẹ́ sí oòrùn nígbà yẹn ló fà á. Àwọn òkè Alaska Range tún dí atẹ́gùn òkun lọ́nà láti gúúsù, ilẹ̀ sì ń gbóná kíákíá. Lóṣù keje, dígírì Celsius 22 lọ́sàn-án kì í ṣe tuntun. Ní 1919, ó gbóná dé 37. Fort Yukon, ìlú Alaska mìíràn tó wà létí Arctic Circle, ìlà tí wọ́n fà yí òkè ayé ká lórí máàpù, fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 38 ní 1915. Ìbàdàn ńkọ́?

Ẹ wá gbọ́ ti gọ́ọ̀fù. Pápá oníhò 18 wà ní Fairbanks, ọ̀kan wà nínú bárékè àwọn ológun ní Fort Wainwright, wọ́n ń pè é ní Chena Bend. Mo máa ń tibi iṣẹ́ dé lálẹ́, màá jẹun, màá sinmi díẹ̀, màá tó wá gbé àpò ọ̀pá mi. Ní agogo mọ́kànlá alẹ́, mo ń rí bọ́ọ̀lù mi dé ibi tó balẹ̀ sí. Òjìji mi á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí koríko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ihò kí èmi tó dé ibẹ̀. Ohun tó ń dààmú wa kì í ṣe òtútù rárá. Ilẹ̀ abẹ́ pápá dì gbagidi látayébáyé, níbi tó bá ti yọ́ díẹ̀, orí ilẹ̀ á rì, ibòmíràn á wú. Èèyàn á gbá bọ́ọ̀lù tó dára, á máa yí lọ geere, á kàn ṣàdédé yà sínú igbó. Móósì náà wà, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó ga ju ẹṣin lọ. Bí ìyá móósì àti ọmọ rẹ̀ bá dúró sójú ọ̀nà yín, ẹ ó dúró. Ẹ̀fọn ńkọ́! Ẹ̀fọn Èkó ò já mọ́ nǹkan. Ti Fairbanks á gba orí sọ́ọ̀kì gún ẹsẹ̀.

Àwọn tí kò gbá gọ́ọ̀fù á lọ wo baseball, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Láti 1906 ni wọ́n ti ń gbá ìdíje òru ọjọ́ oòrùn gígùn yẹn ní Fairbanks, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, á kọjá agogo méjìlá, wọn ò tan iná kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Akureyri ní Iceland, láti 1986 ni wọ́n ti ń gbá ìdíje gọ́ọ̀fù wọn mọ́jú. Ní Yellowknife ní Kánádà, òfin wà pé bí ẹyẹ ìwò bá jí bọ́ọ̀lù ẹ gbé, wọn ò ní bá ẹ wí. Kábéèjì ńkọ́? Ní Palmer, ní Alaska kan náà, wọ́n gbé èyí tó lé ní kílò 62 wá síbi ìpàtẹ ní 2012. Inú yìnyín ló ti hù àbí?

Ó dáa, Utqiaġvik yàtọ̀. Òun ló wà ní ṣóńṣó òkè Alaska létí òkun, oṣù keje pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ móoru níbẹ̀. Ti Fairbanks náà sì ń parí kíákíá, sínóò, ìyẹn yìnyín wẹ́wẹ́, lè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lóṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lóṣù kẹfà, ẹ ra oògùn ẹ̀fọn àti kọ́tìnì dúdú tó nípọn. Kò sẹ́ni tó ń sùn lásìkò. Aládùúgbò mi máa ń fi ẹ̀rọ gé koríko ní agogo mọ́kànlá alẹ́, a sì ti fẹjọ́ ẹ̀ sun onílé, àmọ́ onílé alára, òun náà wà níta tó ń kun ọgbà rẹ̀ lọ́dà.